Mo ti ní ìbọn ìléwọ́ mẹ́ta, èwo ni kí n fi ṣe ìkẹrin?

ỌMỌ ÌBÀRÀ, HOUSTON

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ìbàrà ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí mi, Houston ni mo ń gbé báyìí. Mo ti gba green card, ìwé mi pé. Mo ní ìbọn ìléwọ́ mẹ́ta: Glock 19 tó wà nínú séèfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, SIG P365 tí mo máa ń gbé jáde, àti Smith & Wesson Shield tí mo rà nígbà tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Owó díẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, mo sì fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Ọ̀rẹ́ mi kan ní revolver, ìbọn ìléwọ́ tí ọta rẹ̀ ń wà nínú àgbá tó ń yí, ni kí n rà. Èkejì ní ẹni tí kò bá ní 1911, ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ ti àwọn ológun Amẹ́ríkà, kò tíì ní ìbọn. Ìyàwó mi ní tòun, òun ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín mẹ́ta tó wà nílé. Báwo lẹ̀yin ṣe ń mọ èyí tó kàn? Ẹ tún bá mi dá sí èyí náà: tí mo bá ń bọ̀ nílé fún ọdún Líṣàbí, ṣé mo lè gbé ọ̀kan dání?

* * *

BÀBÁ ÀṢERÒ

Àbúrò mi, ìyàwó rẹ lóye ju àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjèèjì lọ. Mẹ́ta lo kà, iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe. Ọta kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ, 9mm, ìyẹn ni ìwọ̀n fífẹ̀ ọta náà. Bí a ṣe ń fa ọ̀kan la ṣe ń fa èkejì. P365 àti Shield tiẹ̀ dà bí ẹni tó ra fìlà méjì aláwọ̀ kan náà, tó wá ń béèrè ẹ̀kẹta.

Màá dá ọ lóhùn lórí gbígbé e wálé níwájú, torí ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú: má ṣe é.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo lò ní Houston kí n tó padà wá jókòó sí Àṣerò. Mo ní ìwé pélébé kan, eléèpo dúdú, tí mo máa ń kọ ìbọn mi sí: ọjọ́ tí mo rà á, iye tí mo rà á, iye ọta tí mo fi yìn, ọjọ́ tó kúrò lọ́wọ́ mi. Mẹ́rìnlá ló wà nínú ìwé náà. Márùn-ún ló kù, séèfù ọmọ mi ọkùnrin ni wọ́n wà ní Houston lọ́hùn-ún. Mẹ́sàn-án ti lọ.

Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ohun tí mo kọ síbi iye ọta ni 50. Páálí kan ṣoṣo nìyẹn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìbọn yẹn sì lò lọ́wọ́ mi, tí mo ń nu epo sí i lára, tí mo ń fi hàn fún àlejò. Nígbà tí mo ń rà á, mo rò pé òun ló kù tí gbogbo ẹ̀ á fi pé.

Nítorí náà, kí o tó bi wá léèrè èyí tí wàá rà, sọ fún wa ná: nínú mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ rẹ, èwo ni o ò gbé lọ sí pápá ìyìnbọn láti ọdún tó kọjá?

* * *

Kí ó tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń wí lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí mo ti rí i pé èsì ti ń rọ́ wọlé. Ẹ̀gbá ò lólú, gbogbo wọn ló ń ṣe bí ọba. Ẹ bi Ẹ̀gbá mẹ́wàá ní ìbéèrè kan, ẹ gba ìdáhùn méjìlá.

Àwọn kan ní kí ìbọn kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀: ńlá fún ilé, kékeré fún ìgbáròkó, èyí tí ọta rẹ̀ pọ́ọ́kú fún ìdánrawò, ọ̀kan fún ìgbádùn. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ohun tó kàn ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wa máa ń ra ìbọn tán ká tó wá iṣẹ́ fún un. Èmi ti ra ọ̀kan rí tí mo ní “ti inú ọkọ̀” ni. Mi ò gbé e sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan.

Àwọn mìíràn ní ohun tí àwọn ológun tàbí ọlọ́pàá bá mú ni kí a mú. Wọ́n á ní Amẹ́ríkà gba Beretta fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní 1985, wọ́n sì fi SIG P320 rọ́pò rẹ̀ ní 2017, àbí wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n ń rà á fún, ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo lò ń rà á fún ní tìrẹ. Àwọn náà sì máa ń yí ọkàn padà. Lẹ́yìn ìjà ìbọn tí àwọn FBI bá àwọn adigunjalè jà ní Miami ní 1986, wọ́n ní 9mm ò lágbára tó. Wọ́n lọ sídìí 10mm, ìyẹn gbáni lọ́wọ́ jù, ni ọta .40 bá jáde ní 1990, àwọn ọlọ́pàá káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì rọ́ tẹ̀ lé e. Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, FBI yíjú padà sídìí 9mm, wọ́n ní ọta 9mm ayé ìsinsìnyí ti dára sí i, ó sì rọrùn láti yìn. Àwa tá a sáré lọ ra ìbọn oní .40 wá dúró sójú títì. Ojú ewé kẹrin nínú ìwé mi nìyẹn. Mo tà á ní ìdajì iye tí mo rà á, ẹni tó rà á sì ṣe bí ẹni tó ń ṣàánú mi.

Ìkẹta ni àwọn “ó pọ́ọ́kú ni mo fi rà á”. Àbúrò, o wà lára wọn.

* * *

Ẹnìkan kọ̀wé láti Dallas pé ọ̀rọ̀ ọta ni kí a kọ́kọ́ sọ. Mo fara mọ́ ọn ju bó ṣe rò lọ.

Ní 2020, nígbà àrùn kòrónà, ọta wọ́n bí ojú ní Amẹ́ríkà. Èèyàn á dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, á bá pákó tó ṣófo àti ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pé páálí kan fún ẹnìkan. Oríṣi ọta mẹ́rin ni ìbọn mi ń jẹ nígbà yẹn. Bí mo bá rí ti .45, ti .380 ò sí. Bí mo bá rí ti .380, 9mm ti tán. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ pé 9mm nìkan ni gbogbo tirẹ̀ ń jẹ ti kó páálí jọ sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láti ọdún tó ti pẹ́. Òun nìkan ló ń lọ sí pápá nínú wa. Àwa yòókù ń nu ìbọn.

Àwa ará Abẹ́òkúta ló yẹ kí èyí tètè yé. Nígbà ogun Dàhómì ní 1864, ohun tí wọ́n ń sọ nípa Madam Tinubu títí dòní ni pé ó pèsè ẹ̀tù àti ọta fún àwọn jagunjagun wa. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ẹ̀tù ni wọ́n fi joyè.

Tí ìbọn kan bá wù ọ́, bi ara rẹ pé: ṣé ọta tí mo ti ní nílé ló ń jẹ? Bí kò bá jẹ ẹ́, fi owó páálí mẹ́wàá kún iye rẹ̀ kí o tó pinnu. Fi owó àpò ìbàdí náà kún un, torí àpò Glock ò ní gba revolver. Fi owó àpò ọta méjì-mẹ́ta tó máa wà ní ìpamọ́ kún un. Lẹ́yìn náà ni kí o wò ó bóyá ó ṣì wù ọ́.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀.

Ọdẹ ni bàbá mi, ní ọ̀nà Ìtòkò. Ìbọn mẹ́ta ló wà lára ògiri rẹ̀. Ṣakabùlà kan wà tó gùn ju mi lọ nígbà yẹn. Ẹlẹ́nu kan tó ń jẹ kátíríìjì wà, ẹlẹ́nu méjì sì wà tó jẹ́ pé ìwé àṣẹ rẹ̀ wà nínú ike lábẹ́ ìrọ̀rí. Mi ò gbọ́ kí ó sọ lọ́jọ́ kan pé òun ń kó ìbọn jọ. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìdí tó fi ní mẹ́ta, á ní ẹ̀tù ò wọ́n tó kátíríìjì, nítorí náà ṣakabùlà ni ti àparò àti ti ìṣípà ọdẹ, níbi tí èèyàn ti ń yìn ín sókè láìwá ẹran kankan. Ẹlẹ́nu kan ni ti ọ̀yà lóru, torí ó fúyẹ́, iná orí ló sì kù tó tún máa rù. Ẹlẹ́nu méjì fún ìgbà tí ẹran bá tóbi, tí èèyàn ò ní ráyè kì í lẹ́ẹ̀kejì.

Mo máa ń jókòó tì í bó bá ń ki ṣakabùlà. Á da ẹ̀tù sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́, á wò ó, á gbọn díẹ̀ padà sínú ìwo. Á wá dà á sẹ́nu ìbọn, á fi ihá tẹ̀ lé e, á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gún un títí ọ̀pá yóò fi máa ta padà sókè. Ìgbà yẹn ló máa tó da ọta sí i. Bí mo bá bá a sọ̀rọ̀ lákòókò yẹn, kì í dá mi lóhùn.

Ọkùnrin kan wá sílé wa lọ́jọ́ kan láti ta ẹlẹ́nu kan mìíràn fún un, tuntun, ìdí rẹ̀ ń dán. Bàbá mi gbé e, ó fi sí èjìká, ó fojú sùn ún, ó yìn ín lógo. Lẹ́yìn náà ó ní, “Èwo ni kí n gbé kúrò lára ògiri fún un?” Ọkùnrin náà ní ògiri ṣì láàyè. Bàbá mi ní ògiri láàyè lóòótọ́, òun lòun ò láàyè.

Mo ti ra mẹ́jọ ní Houston kí ọ̀rọ̀ yẹn tó padà wá sí mi lọ́kàn.

* * *

Ọ̀rọ̀ revolver. Ibí ni ìjà wà.

Ará Dallas ní revolver kì í kọ iṣẹ́, kò ní àpò ọta tó máa há, èèyàn kàn ń fà á ni, nítorí náà òun ló dáa jù fún ẹni tí kò mọ ìbọn. Ó ní òun ra èyí tó kéré jù fún ìyá òun.

Ìyá Ìtòkú tó wà ní Atlanta sì fún un lésì lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ kọ ohun tí ó sọ síbí bó ṣe sọ ọ́: “Irú ẹ̀ náà ni wọ́n tà fún mi. Wọ́n ní ti obìnrin ni. Ọta márùn-ún ló ń gbà, ó fúyẹ́ bí ìwé. Tírígà rẹ̀ le débi pé ìka méjì ni mo fẹ́ fi fà á. Mo yin ogún ọta lọ́jọ́ náà, alẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò lè ro láfún. Ọkọ mi ló rò ó, ó sì ní kókó.”

Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń ra ìbọn fún ìyàwó àti ìyá, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìbọn bá ṣe kéré tó, tó sì fúyẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń gbáni lọ́wọ́ tó. Irin tó wúwo ló ń gba agbára náà mọ́ra. Revolver pẹ́ńpẹ́ olọ́ta márùn-ún, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n yìn dáadáa ni kó rà á. Tí ọwọ́ ẹnìkan ò bá lágbára láti fa irin orí ìbọn sẹ́yìn, ó ní àwọn tí wọ́n ṣe fún ìyẹn gan-an, bíi Shield EZ oní .380 tí Smith & Wesson gbé jáde ní 2018.

Ṣùgbọ́n mi ò ní bá Ìyá Ìtòkú dé ibi tó dé, tó ní kí gbogbo revolver máa lọ. Ọ̀kan nínú márùn-ún tó kù fún mi, revolver ni: Model 10 ti Smith & Wesson, oní .38, ẹnu rẹ̀ gùn ní ínǹṣì mẹ́rin, irin ni látòkè délẹ̀. Láti 1899 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdílé ìbọn yẹn. Bí o bá fà á díẹ̀díẹ̀, wàá gbọ́ bí àgbá rẹ̀ ṣe ń yí, kí òòlù tó já. Kò sí ohun tó kọ́ mi ní fífa tírígà jẹ́jẹ́ bíi tirẹ̀. Àbúrò, bí o bá fẹ́ revolver, irú èyí ni kí o wá. Houston kún fún pápá ìyìnbọn tí wọ́n ti ń háyà ìbọn. Háyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí o tó ra tìrẹ.

Ará Dallas ní mo ń gbè sẹ́yìn obìnrin. Kó máa wí.

* * *

Ọ̀rẹ́ rẹ kejì tó ní 1911: ìbọn ńlá ni, kò sẹ́ni tó lè já a kù. John Browning ló ṣe é, àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà á ní 1911, ó sì tó ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin kí Beretta tó gba ipò rẹ̀. Tírígà rẹ̀ ń lọ tààrà sẹ́yìn, kì í yí bí ti àwọn yòókù. Ọta .45 méje ló ń gbà nínú àpò rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ ni àtàǹpàkò. 1911 ní ìdènà kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ kó tó lè yìn ín. Glock ò ní irú ẹ̀. Mo dúró ti ẹnìkan ní pápá rí, ọ̀gá ni nídìí Glock, ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń lò ó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra 1911. Wọ́n fọn fèrè, ó fà á yọ kíá, ó na ọwọ́, ó fà á. Kò dún. Ó tún fà á. Ó wò ó bí ẹni tí fóònù ẹ̀ kú. Ìgbà kẹta ni àtàǹpàkò rẹ̀ tó rántí. Ìṣeré la wà o.

Àwọn kan wá ní nítorí ìyẹn, kí gbogbo ìbọn tó wà nílé máa ṣiṣẹ́ bákan náà. Àwọn kan ní ìyẹn ò ní adùn, bí oúnjẹ tí kò ní ju ọbẹ̀ kan lọ. Tèmi wà láàárín: èyí tí o fi sílé fún ààbò àti èyí tí ò ń gbé jáde gbọ́dọ̀ jọra bí ìbejì. Èyí tó jẹ́ ti ìgbádùn lè ṣe bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó sùn síbi tí àwọn yẹn ń sùn.

* * *

Wọ́n ti ní mo le jù. Ẹnìkan ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ra ìbọn kan rí nítorí pé ó wù yín ni?”

Mo rà á. Ìyá mi ní búkà ní Láfẹ́nwá. Ọ̀gágun kan máa ń wá jẹun níbẹ̀ láti bárékè Alámálá. Bó bá ti jókòó, á yọ ìbọn rẹ̀ níbàdí, á gbé e sórí bẹ́ǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, á sì fi fìlà rẹ̀ bò ó. Fìlà yẹn kì í bò ó tán. Ìdí ìbọn náà ló máa ń yọ síta, igi tí wọ́n fín wẹ́wẹ́, tí ọwọ́ ti nù ún títí tó fi ń dán ní ìgun kan. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. “Browning” ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Ogójì ọdún lẹ́yìn ìyẹn, mo rí i lábẹ́ gíláàsì níbi tí mo ti wá ra epo ìbọn. Browning Hi-Power. John Browning tó ṣe 1911 náà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó kú ní Belgium ní 1926 láì parí rẹ̀, Dieudonné Saive ló parí ẹ̀, tó fi jáde ní 1935. Ọta mẹ́tàlá ló ń gbà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba méje tàbí mẹ́jọ. Mi ò dúná-dúrà. Ẹni tó tà á fún mi ní àwọ̀ tí wọ́n kùn ún láti ilé iṣẹ́ náà ló ṣì wà lára ẹ̀, ó sì gba owó àwọ̀ náà lọ́wọ́ mi.

Irọ́ ni. Nígbà tí mo dé ilé, tí mo gbé e sábẹ́ iná tábìlì, mo rí i pé àwọn lẹ́tà tó wà lára irin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ létí, bíi pé ẹnìkan fi omi nù wọ́n. Etí àwọn ihò tó yẹ kó mú ti tẹ̀ wọlé bí abọ́. Wọ́n ti ha á, wọ́n tún un kùn. Fún ẹni tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ, ìyẹn ti gé ìdajì owó rẹ̀ kúrò. Ìbọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ìrísí rẹ̀ ò tíì yí padà, Amẹ́ríkà ń kà á sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, láísẹ́nsì pàtàkì tilẹ̀ wà fún àwọn tó ń kó wọn jọ. Nínú irú èyí, ìdọ̀tí àti ìpata díẹ̀ sàn ju dídán lọ. Ẹ má nu wọ́n dán o. Ẹ má kùn wọ́n.

Àwọn Hi-Power ayé àtijọ́ sì ní ìwà kan tí gbogbo èèyàn mọ̀: òòlù ẹ̀yìn wọn máa ń bu ẹni tí ẹran àárín àtàǹpàkò rẹ̀ bá pọ̀ jẹ. Tèmi pọ̀. Ọta kẹfà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rí ẹ̀jẹ̀. Àpá náà wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, ó rí bí hóró ìrẹsì ọ̀fadà.

Ilé iṣẹ́ Browning dẹ́kun ṣíṣe rẹ̀ ní 2018. Ní 2021 ilé iṣẹ́ Springfield gbé irú rẹ̀ jáde lọ́nà ti àtijọ́, wọ́n pè é ní SA-35, ilé iṣẹ́ FN náà gbé tirẹ̀ jáde ní 2022. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n ta tèmi kí n ra tuntun tí kì í buni jẹ. Ohun tó wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú. Ó wà lára márùn-ún náà. Ẹ wo ojú ewé rẹ̀: ọta tó lé ní 4,000.

* * *

Ó yá, ti gbígbé e wálé. Àwọn mẹ́ta ló ti kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ lórí èyí, nítorí náà kí n sọ ọ́ ní gbangba.

Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, ti 1959, pín ìbọn sí ìsọ̀rí. Revolver àti pistol wà nínú ìsọ̀rí àkọ́kọ́, èyí tí a kà léèwọ̀, wọ́n jókòó pẹ̀lú bọ́ǹbù àti ìbọn arọ̀jò-ọta. Kódà àwọn pistol ayé baba ńlá wa tí wọ́n ń fi òkúta tanná sí wà níbẹ̀. Ààrẹ nìkan ló lè fúnni níwèé àṣẹ rẹ̀, bó bá wù ú. Ìbọn kátíríìjì àwọn ọdẹ àti ìbọn atẹ́gùn wà ní ìsọ̀rí kejì, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ni ìwé àṣẹ wọn, wọn kì í sì í fún ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran tó, tàbí ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún. Ṣakabùlà wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀. Green card rẹ ò já mọ́ nǹkan kan níbí. Láísẹ́nsì Texas ò já mọ́ nǹkan kan. Wá fún ọdún Líṣàbí, gbé kámẹ́rà dání, wàá gbọ́ ìbọn ní Abẹ́òkúta títí etí rẹ á fi kún.

Ẹnìkan ní bàbá òun àgbà kú ní Kéesí, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n bá pistol tó ti dípẹtà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé e gun ọ̀kadà lọ síbì kankan, ẹ má sì fi fóònù yà á fún àwọn ẹbí. Ẹ fi í síbi tí ẹ ti bá a, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ wá lọ́yà kan, kí òun àti ẹ̀yin jọ lọ bá àwọn ọlọ́pàá ní Eléwéẹran kí wọ́n wá gbé e fúnra wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún náà, ìkìlọ̀ kan: ẹni tó bá wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́, òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà á láàyè láti ní ìbọn, àyàfi nínú ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀. Ẹ máa rí ìbátan tó máa ní “Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi rà á lórúkọ yín, màá fún yín lówó”. Form 4473 tí ẹ máa kọ ní ṣọ́ọ̀bù bi yín ní tààrà bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń rà á. Irọ́ tí ẹ bá pa síbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Mo ti bá ìbátan kan jà lórí èyí, ó ṣì ń bínú, mo ṣì ń sùn nílé mi.

* * *

ỌMỌ ÌBÀRÀ, HOUSTON

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Mo lọ ka tèmi. Glock: ó ju 2,000 lọ. SIG: bíi 600. Shield: páálí méjì, láti ọdún méjì. Ojú tì mí. Lọ́jọ́ Sátidé mo mú ìyàwó mi lọ sí pápá, a háyà Model 10 tí ẹ wí, a háyà 1911, a sì háyà Ruger oní .22 kan. Ó yin 1911 lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e kalẹ̀. Ó yin revolver, ó ní kò burú. Ó wá gbé .22, kò dá a padà mọ́. Ó yin 150 ọta, ó ní ṣé ó ti tán ni. Láti ọdún mẹ́fà tá a ti ṣègbéyàwó, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa bá mi lọ.

* * *

BÀBÁ ÀṢERÒ

O ti rí ìkẹrin rẹ nìyẹn. Ta Shield, fi owó rẹ̀ kún un, ra .22. Ọta .22 LR ti wà láti 1887, òun ló ṣì pọ́ọ́kú jù lórí pákó, kì í gbáni lọ́wọ́, kì í sì í kọ́ni ní ìwà burúkú bíi kí èèyàn máa dijú kó tó fa tírígà. Gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ bá kọ́ lára rẹ̀, ó máa bá ọ dé ìdí Glock. Nínú Ruger, wá Mark IV, ti 2016, torí bọ́tìnì kan ló fi ń ṣí tí o bá fẹ́ nù ún. Mo ní .22 àtijọ́ kan tí mo tú lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tí aago méjì òru fi lù mí nídìí títò ó padà.

Jẹ́ kí ìyàwó rẹ dì í mú kí o tó sanwó. Tirẹ̀ ni, kì í ṣe tìẹ.

Ará Dallas, mo rí èsì rẹ pé .22 kì í ṣe ìbọn gidi. A ó bá ọ sọ ọ́ lọ́la.

Àbúrò, o mẹ́nu ba ọmọ ọdún mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ tí o kọ sí mi ní kọ̀rọ̀. Séèfù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yẹn, ṣé oní-kọ́kọ́rọ́ ni àbí oní-nọ́ńbà? Bó bá jẹ́ oní-kọ́kọ́rọ́, níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà báyìí? Dá mi lóhùn lórí ìyẹn kí o tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù.